Àmì Funfun Nínú Ọpọlọ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le: Kí Ni Ìwé MRI Ń Sọ Gan-an?

Nígbà mìíràn, ìwé àbájáde MRI ọpọlọ, ìyẹn fọ́tò inú ọpọlọ tí a fi ẹ̀rọ olóòfà yà, máa ń parí sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: demyelination. Àmì ìbéèrè kékeré kan sì máa ń wà níwájú ọ̀rọ̀ náà. Dókítà tó wo fọ́tò ló fi í síbẹ̀. Ohun tó ń sọ fún dókítà tó rán yín wá ni pé, “Mo rí nǹkan tó jọ ibi tí ọ̀rá ara iṣan ti bó, ẹ bá mi wádìí rẹ̀.” Ẹni tó gba ìwé náà kì í sábà rí àmì ìbéèrè yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ló máa tẹ̀ sínú fóònù kó tó dé ibi tó ti fẹ́ wọkọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì á sì sọ fún un pé multiple sclerosis ni, ìyẹn MS, àìsàn tó ń gbé èèyàn sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Kí ọkọ̀ tó dé Nyanya, ó ti ń ro ẹni tó máa bá òun tọ́ àwọn ọmọ.

Ìdí ẹ̀rọ MRI ni mo ti ń jẹun ní Abuja níbí, mo sì mọ bí ojú àwọn tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Kò sí èyí tó wá nítorí MS nínú wọn. Ẹ̀fọ́rí ló gbé èyí tó pọ̀ jù wá. Òmíràn forí gbá nǹkan nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, òmíràn òòyì ló ń kọ́ ọ, dókítà wá ní kó lọ ya fọ́tò ọpọlọ kó lè dá òun lójú pé kò sí kókó níbẹ̀. Kókó kò sí lóòótọ́. Àmì funfun tí ẹnikẹ́ni ò wá ni wọ́n rí.

Fọ́tò kan ṣoṣo tí a yà nítorí ẹ̀fọ́rí kò tó láti dá ẹjọ́ yìí. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ gbàgbé rẹ̀ ti ṣì yín lọ́nà. Ẹni tó bá sì ní MS ti dé nìyẹn, láìbi yín léèrè ohunkóhun, òun náà ti ṣì yín lọ́nà. Èyí kejì ló ń dùn mí jù, torí òun ló ń ba ọkàn ẹni tí kò ṣàìsàn jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ MS fúnra rẹ̀. Àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ jẹ́ fún ojú, ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀ àti gbogbo ara ní ọ̀rá kan tó wé mọ́ wọn, myelin lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rá yìí ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà tètè dé ibi tó ń lọ. Nínú MS, àwọn èròjà ara tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn ló ń yíjú sí ọ̀rá yìí. Wọ́n á bó o níbì kan nínú ọpọlọ, wọ́n á bó o níbòmíràn nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, àpá á sì kù síbẹ̀. Jean-Martin Charcot, dókítà ará Faransé, ló ṣàlàyé àìsàn náà yékéyéké ní 1868. Ojú kan lè ṣú fún aláìsàn, kó sì máa dùn ún bó bá yí i. Ẹsẹ̀ lè kú tipiri, ìtọ̀ lè máa yọ tàbí kó há. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ, kó tún yọjú ní ọdún mìíràn. Oògùn tó ń dín ìpadàbọ̀ rẹ̀ kù ti wà báyìí, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń bá a dé orí kẹ̀kẹ́.

Kí ẹ̀rọ MRI tó dé, àwọn dókítà tó ń yẹ òkú wò ti máa ń ṣe kòńgẹ́ àpá MS nínú ọpọlọ ẹni tí kò ṣàìsàn iṣan kankan rí títí tó fi kú. Àwọn méjì kan ní Kánádà kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1983. Nígbà tí MRI wá ń pọ̀ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun kan náà lára alààyè. Ní 2009, Darin Okuda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco sọ ọ́ ní radiologically isolated syndrome, tí gbogbo wa ń gé kúrú sí RIS. Ẹni tí fọ́tò ọpọlọ rẹ̀ jọ ti oní-MS, tí ara rẹ̀ kò sọ ohunkóhun, tí wọn ò sì rí àìsàn mìíràn tó lè fa àmì náà, òun ló ní RIS.

Kì í ṣe gbogbo àmì funfun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó jọ ti MS ní ìrísí, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n máa ń rí roboto gígùn, etí wọn máa ń hàn ketekete, wọ́n sì máa ń fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Ẹ máa rí wọn létí àwọn ihò olómi tó wà láàárín ọpọlọ, nítòsí èèpo òde ọpọlọ, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ lápá ọrùn, àti nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Lórí fọ́tò tí a bá yà láti ẹ̀gbẹ́, àwọn tó wà létí ihò olómi máa ń nàró ní ìlà. Ìka Dawson la máa ń pè wọ́n, nítorí James Dawson ará Scotland tó ṣàpèjúwe wọn ní 1916. Àwọn tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, tó fọ́n káàkiri àárín ọpọlọ láìní ìlànà, ìdí mìíràn ló sábà máa ń fa ìyẹn.

Ẹni tó jí láàárọ̀ tó bá ojú ẹsẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ti kọjá níbẹ̀. Bóyá olè ni, bóyá máígáàdì tó ń yí ilé ká ni, ojú ẹsẹ̀ nìkan ò lè sọ. Yóò wo bí bàtà náà ṣe tóbi tó, yóò wo ibi tó gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde, yóò sì bi ará ilé. Ohun tí dókítà máa ṣe sí àmì funfun yín gan-an nìyẹn.

Ó dáa, bí ó bá wá jẹ́ RIS lóòótọ́ ńkọ́? Àwọn onímọ̀ kó 451 èèyàn tó ní i jọ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó pé ọdún márùn-ún, 34 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti rí àmì àìsàn iṣan lára. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, ó ti di nǹkan bí 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka nọ́ńbà yìí látorí méjèèjì. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tá a lè fọwọ́ rọ́ tì. Ó sì fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá gbáko, nǹkan bí ìdajì wọn ṣì ń bá iṣẹ́ wọn lọ láìsí ohunkóhun. Ìdajì yìí ni íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ewu náà ò sì rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Ó pọ̀ sí i fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 37, fún ẹni tí àmì bá wà ní okùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, fún ẹni tí omi ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn omi tó yí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká, fi hàn pé àwọn èròjà ìgbógunti-àrùn ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò yẹ, àti fún ẹni tí àmì rẹ̀ bá tàn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àwọ̀ tí a máa ń fún àwọn kan nígbà tí wọ́n bá wà nínú ẹ̀rọ. Ti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ọpọlọ nìkan ni wọ́n yà, bẹ́ẹ̀ ọrùn, níbi tí okùn náà gbà kọjá, ló kù tó yẹ kí wọ́n yà.

Èwo wá ni tiwa níbí? Europe àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ yìí ti wá. MS wọ́pọ̀ níbi tó jìnnà sí ìlà àárín ayé, bíi Kánádà àti àríwá Europe, ó sì ṣọ̀wọ́n níbi tó súnmọ́ ọn. Ìwọ̀n kẹsàn-án ní àríwá ìlà náà ni Abuja wà. Ìtànṣán oòrùn wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Kòkòrò Epstein-Barr náà wà níbẹ̀: ní 2022, àwọn onímọ̀ tó yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá wò fi hàn pé kòkòrò yìí máa ń wọ ara ná kí MS tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí ọmọ ṣì kéré gan-an ló ti máa ń kó o. Àwọn tí wọ́n dàgbà kí wọ́n tó kó o, lára wọn ni ewu MS ti pọ̀ jù. Mi ò sọ pé MS kò sí ní Nàìjíríà. Ó wà, àwọn dókítà wa sì ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí àmì funfun bá yọ lára ẹni tó ń gbé Kubwa tàbí Kaduna, àwọn nǹkan mìíràn wà tó yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí wọn. Ó ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àmì funfun ló sì máa ń fi sílẹ̀. Ẹlòmíràn ò mọ̀ pé òun ní i, torí kì í dunni. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ MS dẹ́rù bà, tí a wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ewu ti wà. Ìtọ̀ ṣúgà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, sìgá náà, ọjọ́ orí náà. Ẹ̀fọ́rí túúlu, tí dókítà ń pè ní migraine, máa ń ní àmì funfun tirẹ̀, ẹ sì rántí pé ẹ̀fọ́rí ló gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá sídìí ẹ̀rọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS lè ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò ti dé nínú ọpọlọ láìmọ̀. Kòkòrò HIV àti àìtó fítámì B12 náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ yín, tó sì máa ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun nípa MS. Kò pọwọ́n rárá bí a bá fi wé owó MRI, ó sì máa ń yanjú ọ̀ràn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀kan tún wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé, NMO ni wọ́n ń pè é. Ó jọ MS. Ojú àti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa ń bá jà, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì máa ń mú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún un. Àwọn oògùn MS kan, bíi interferon, lè mú kí NMO burú sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá sáré kọ oògùn MS nítorí fọ́tò lè ṣe yín ní jàǹbá.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti máa ń yí padà jù ni yàrá dókítà, níbi ìbéèrè. Ẹni tó ní òun ò ní àmì kankan lè ti gbàgbé ni. Ìbéèrè ọ̀hún lè lọ báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ojú yín kan ti ṣú rí?”

“Rárá o, Dókítà. Ojú mi mọ́ kedere.”

“Kò tiẹ̀ dùn yín rí, bí ẹ bá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún?”

“Àfi ìgbà tí Àpólò mú mi, ní bíi ọdún méjì sẹ́yìn. Ojú òsì nìkan ni. Ó ń dùn mí, gbogbo nǹkan ṣú. Tí mo bá fi ojú yẹn wo aṣọ pupa, á dà bíi pé ó ti ṣá. Mo ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì, ó sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Ojú yẹn pọ́n? Ó ń sun ìpín?”

“Kò pọ́n, Dókítà. Kò sun ìpín.”

Àpólò tí kò pọ́n, tí kò sun ìpín, tó mú ojú kan ṣoṣo, tó sọ aṣọ pupa di ṣíṣá, Àpólò kọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló wú. Bí ìdáhùn bá rí báyìí, ẹni náà ti kúrò nínú àwọn tí a ń pè ní aláìlámì, dókítà á sì wo fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ tó kú fún ọ̀sẹ̀ méjì tí a pè ní làkúrègbé, tàbí ohun tó máa ń sáré gba ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀ bí ìgbà tí iná bá gbéni, bí èèyàn bá tẹ orí mọ́ àyà. Ẹ tún kíyè sí ooru. Nínú ooru oṣù kẹta, tí iná ò sí, tí yàrá gbóná janjan, àmì àtijọ́ lè yọjú fún ìgbà díẹ̀, kó sì lọ bí ara bá tutù. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bó bá ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó dáa kí ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ yín kí ẹ tó lọ, torí ohun tí ẹ ti gbàgbé, ẹni tí ẹ jọ ń gbé lè rántí rẹ̀.

Dókítà tí ẹ ń wá ni neurologist. Kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú wèrè, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ orí, ẹ bá mi sọ èyí fún ìyá àgbà nílé kó tó fi ẹkún bọ ẹnu. Ẹ lè rí wọn ní National Hospital ní Abuja, ní ilé ìwòsàn fásitì ní Gwagwalada, ní Shika nítòsí Zaria, ní ilé ìwòsàn Aminu Kano, àti ní Jos.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú CD tí wọ́n ko fọ́tò yín sí dání, kì í ṣe ìwé nìkan. Lórí CD ni dókítà ti lè wo àmì náà fúnra rẹ̀, òun náà la sì máa fi wé tuntun lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti rí CD tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn mọ́tò nínú oòrùn títí tó fi ká kò. Owó ńlá ló ká kò yẹn. Ẹ dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á.

Ẹ tún béèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà yín. Àwọn ẹ̀rọ tí agbára òòfà wọn kéré pọ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n wúlò, wọ́n ń rí kókó àti ẹ̀jẹ̀ tó dà, ṣùgbọ́n fún irú àmì wẹ́wẹ́ yìí, ẹ̀rọ 1.5 tesla tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dáa; tesla la fi ń wọn agbára òòfà. CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya fọ́tò inú ara, ò lè rọ́pò rẹ̀. MRI ò sì ní ìtànṣán eléwu bíi ti X-ray, ariwo rẹ̀ ló pọ̀, nítorí náà kí ẹni tó máa tún un yà má bẹ̀rù.

Lórí oògùn, nǹkan ti ń yí padà, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀. Ní 2023, ìwádìí méjì jáde lórí àwọn tó ní RIS. Ọ̀kan lo dimethyl fumarate fún 87 èèyàn ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n fún àwọn tó kù ní òfegè, ìyẹn ohun tó jọ oògùn tí kò ní oògùn nínú, láti fi wọ́n wéra. Èkejì lo teriflunomide fún 89 lọ́nà kan náà, Europe àti Turkey ni wọ́n ti ṣe é. Nínú méjèèjì, àwọn tó gba oògùn ò tètè rí àmì àìsàn bíi ti àwọn tó gba òfegè. Ní 2025, ìgbìmọ̀ àgbáyé tún tẹ àtúnṣe 2024 sí òfin McDonald jáde, òfin tí dókítà fi ń dá MS mọ̀. Ní báyìí, àwọn kan tí kò ní àmì lára lè gba orúkọ MS, bí ibi tí àmì wà bá bá òfin mu tí ẹ̀rí mìíràn sì tì í lẹ́yìn: èròjà kan nínú omi ẹ̀yìn, tàbí àmì tuntun lórí MRI kejì, tàbí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó hàn láàárín púpọ̀ nínú àwọn àmì náà. Òpó ẹ̀jẹ̀ yìí ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an láti ya MS sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Síbẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ àwọn àìsàn mìíràn kúrò.

Tèmi ni pé kí ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ jókòó pẹ̀lú dókítà rẹ̀ lórí oògùn, kí ẹni tí ewu rẹ̀ kéré sì máa ṣọ́ ara. Àwọn èèyàn tó wà nínú ìwádìí méjèèjì kò tó igba, oògùn ọ̀hún kì í ṣe ohun tí ẹ máa bá ní gbogbo kẹ́míìsì, wọ́n sì ní ìpalára tiwọn. Teriflunomide lè ba oyún jẹ́, nítorí náà obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó gbé e mì. RIS fúnra rẹ̀ kì í dí oyún lọ́wọ́. Kì í ranni. Kò sí àgbo tó ń fọ àmì funfun kúrò nínú ọpọlọ, bí mọ̀lẹ́bí bá sì ní kí wọ́n gbé yín lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí wọ́n ti ta yín lọ́fà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹ ò ṣàìsàn, àyẹ̀wò lẹ̀ ń ṣe.

Ẹni tó ń ṣọ́ ara á tún MRI ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, lẹ́yìn náà kó máa ṣe é bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀, níbi ẹ̀rọ kan náà bó bá ṣeé ṣe. Kó jáwọ́ nínú sìgá, kó sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ojú kan bá ṣú, bí ẹsẹ̀ bá kú, bí ìtọ̀ bá ń ṣòro láti tọ̀, tí ó sì kọjá wákàtí 24, kó pe dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí oògùn tí wọ́n ń fà sára wà tó lè jẹ́ kó tètè lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan rọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má dúró de wákàtí kankan. Rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.